Bí ẹ ṣe lè ra jagunjagun tó tó owó rẹ̀ nínú Battle Brothers

Nínú Battle Brothers, eré orí kọ̀ǹpútà kan, àpò owó ló sábà máa ń gbẹ kí ẹgbẹ́ tó túká. Overhype Studios, ilé-iṣẹ́ kan ní ìlú Hamburg ní Jámánì, ló gbé eré náà jáde lódindi ní 2017. Ẹ ó kó àwọn ajagungbowó jọ, ẹ ó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ìlú àti àwọn ìjòyè, ẹ ó bọ́ àwọn ọmọ yín, ẹ ó san owó ojúmọ́ wọn, ẹni tó bá sì kú lójú ogun ti lọ nìyẹn. Ní 2020, àfikún tó ń jẹ́ Blazing Deserts gbé àwọn ìlú aṣálẹ̀ gúúsù dé, tòun ti pápá ìjà àti àwọn gladiator, ìyẹn àwọn tó ń jà nínú pápá fún ìwòran, tí ẹ lè gbà síṣẹ́.

Gbogbo ìgbà tí ẹ bá wọ ìlú, ìbéèrè kan náà ló ń dúró dè yín: nínú àwọn tó ń wá iṣẹ́ níbí, ta ni kí n mú? Ohun tí mo dì mú ṣinṣin ni pé ẹ kò gbọdọ̀ fi ohun tí ọkùnrin náà jẹ́ lónìí díye lé e. Ẹ wo ohun tó máa dà ní ìpele 11 (ìrírí ìjà ló ń gbé ènìyàn láti ìpele kan dé òmíràn), kí ẹ fi wé iye tí yóò máa gbà lọ́wọ́ yín lójoojúmọ́ títí yóò fi débẹ̀ àti lẹ́yìn tó bá débẹ̀. Bí ẹ bá ń ṣe ìṣirò yìí, ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ ẹni tó dà bí olówó pọ́ọ́kú wọ́n gan-an, àti pé akọni kan wà lára àwọn àgbẹ̀ àti agégẹdú tí yóò sin ẹgbẹ́ yín dópin.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ ohun tí ẹ ń rà

Àbùdá 8 ni ọkùnrin kọ̀ọ̀kan ní. Orúkọ tí ẹ ó rí lójú eré ni mo fi ṣáájú. Hitpoints ni ẹ̀mí rẹ̀. Fatigue ni okun, ìyẹn bó ṣe lè pẹ́ tó lẹ́nu ìjà kó tó rẹ̀ ẹ́. Resolve ni àyà tó ní, òun ló ń dì í mú kó má sá. Initiative ni ìyára, tó ń sọ ẹni tó máa kọ́kọ́ gbé ọwọ́ sókè. Melee Skill ni ọwọ́ ìjà, Ranged Skill ni ọwọ́ ọfà. Melee Defense ni bó ṣe ń yẹra fún idà àti àáké, Ranged Defense sì ni bó ṣe ń yẹra fún ọfà.

Ẹni tí kò ní ohun kan tó yàtọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀mí 50 sí 60, okun 90 sí 100, àyà 30 sí 40, ìyára 100 sí 110, ọwọ́ ìjà 47 sí 57, ọwọ́ ọfà 32 sí 42, ìyẹra méjèèjì sì wà láàárín 0 sí 5. Ẹ há àwọn nọ́ńbà yìí sórí. Òṣùwọ̀n tí ẹ ó máa fi wọn gbogbo ènìyàn nìyẹn. Iṣẹ́ tí ọkùnrin náà ń ṣe tẹ́lẹ̀ ló máa fi kún un tàbí kó yọ nínú rẹ̀.

Ọwọ́ ìjà àti ìyẹra idà ló ṣe pàtàkì jù nínú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ fún ẹni tó máa dúró níwájú, nítorí bí eré náà ṣe ń ṣírò ìlù: ọwọ́ ìjà ẹni tó ń lù, ẹ yọ ìyẹra ẹni tí wọ́n ń lù kúrò nínú rẹ̀, ohun tó ṣẹ́kù ni àǹfààní pé ìlù náà á bá a. Kò lè lọ sílẹ̀ ju 5 nínú 100 lọ, kò sì lè ga ju 95. Nítorí náà, gbogbo ẹyọ kan tí ẹ bá fi kún ìyẹra ọmọ yín, gbogbo ọ̀tá tó dojú kọ ọ́ ló ti pàdánù ẹyọ kan. Lẹ́yìn 50, ìdajì ni wọ́n ń ka ìyẹra sí, torí náà kò sí ìdí láti máa lé 70 kiri.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ ṣírò owó rẹ̀ tán pátápátá

Iye tí wọ́n kọ síwájú ẹni tó ń wá iṣẹ́ pín sí ọ̀nà méjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ńbà kan ṣoṣo ni ẹ ó rí. Apá kan jẹ́ ti ọkùnrin náà fúnra rẹ̀. Apá kejì jẹ́ ti ohun tó wọ̀ sọ́rùn àti ohun tó mú dání. Ìdí rèé tí àgbẹ̀ méjì nínú ìlú kan náà fi lè yàtọ̀ síra lówó: ọ̀kan mú ọ̀kọ̀ rere dání, èkejì mú irinṣẹ́ oko. Bí ẹ bá nílò ohun ìjà tàbí ìhámọ́ra náà, owó yín kò ṣòfò, torí ẹ lè bọ́ ọ lára rẹ̀ kí ẹ wọ̀ ọ́ fún ẹlòmíràn. Bí ẹ kò bá nílò rẹ̀, ẹ̀ ń ra ohun tí ẹ máa tà ní àdánù, nítorí ọjà kì í dá owó náà padà pé.

Owó ojúmọ́ ni mo ní kí ẹ dúró lé lórí dáadáa. Ó ń gòkè ní 10 nínú 100 ní ìpele kọ̀ọ̀kan títí dé ìpele 11, lẹ́yìn náà ni ìgòkè rẹ̀ dẹ̀rọ̀. Èyí túmọ̀ sí pé nígbà tí ọkùnrin kan bá fi máa dé ìpele 11, owó rẹ̀ ti di nǹkan bí ìlọ́po méjì àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Ká ní ẹni kan bẹ̀rẹ̀ ní crown 10 (crown ni owó inú eré náà) lójúmọ́, ẹnì kejì ní 30. Ní ìpele 11, ẹni àkọ́kọ́ á máa gba 26, ẹnì kejì á máa gba 78. Láàárín 100 ọjọ́ ní ìpele yẹn, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn ti ju crown 5,000 lọ. Ìyẹn fún ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ ronú bí méjìlá bá jẹ́ irú ẹnì kejì. Owó yẹn ló yẹ kó ra ìhámọ́ra tó nípọn, ìhámọ́ra sì ń gba ẹ̀mí là ju orúkọ lọ.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé ènìyàn 20 ni ẹgbẹ́ lè gbà, 12 ni yóò sì jà. Àwọn tó jókòó ń jẹun, wọ́n sì ń gba owó. Nítorí náà, ẹni tí kò ní ipò tí ẹ fẹ́ fi í sí kò yẹ kó sùn nínú àgọ́ yín.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ mọ ipò tí ẹ ń wá ènìyàn sí kí ẹ tó wọ ìlú

Oríṣi mẹ́rin ni mo máa ń wá. Àkọ́kọ́ ni ògiri, ẹni tó wọ ìhámọ́ra tó wúwo jù lọ tó sì dúró gbọn-in níwájú. Okun ni ẹ ó kọ́kọ́ wò lára rẹ̀, nítorí ìhámọ́ra ń jẹ okun. Coat of Plates, ẹ̀wù irin tó ní agbára ìdáàbòbò 320, ń gba okun 42; Full Helm, àṣíborí irin tó ní 300, ń gba 20. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 62. Ẹni tó ní okun 95 á ṣẹ́ ku 33, ó sì máa fi àáké lu ọ̀tá nígbà bíi mélòó kan péré kí èémí tó tán. Okun 15 ló ń padà wá ní àyípo ìjà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn kò sì tó fún ẹni tó ń lo ohun ìjà ọlọ́wọ́ méjì. Mi ò ní fi ẹni tí okun rẹ̀ kò lè dé 115 ó kéré tán sínú irú ìhámọ́ra bẹ́ẹ̀.

Èkejì ni ẹni fúyẹ́, tí yóò lo perk (ọgbọ́n àkànṣe tí ẹ ń yàn fún ọmọ yín) tó ń jẹ́ Nimble, èyí tó ń dín ìpalára tó ń bá ẹni tó wọ aṣọ fúyẹ́ kù. Ẹni yìí kò gbọdọ̀ wọ ohun tó máa gba okun tó ju 15 lọ, àṣíborí àti ẹ̀wù pọ̀, kí Nimble tó lè ṣiṣẹ́ dé ojú àmì. Ẹ̀mí ni ẹ ó wò lára tirẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹ̀mí 70 láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo máa ń yọ̀ sí jù fún iṣẹ́ yìí, pàápàá jù lọ torí pé aṣọ rẹ̀ kò wọ́n.

Ẹ̀kẹta ni tafàtafà. Kò sí ohun púpọ̀ láti sọ: ọwọ́ ọfà ni, òun náà ni, lẹ́yìn rẹ̀ ìyẹra ọfà. Ẹ̀kẹrin ni ẹni tó máa gbé àsíá. Àsíá ń fi ìdámẹ́wàá àyà ẹni tó gbé e kún àyà àwọn ará rẹ̀ tó wà nítòsí, nítorí náà àyà rẹ̀ ni ohun gbogbo. Ẹnì kan ṣoṣo ni ẹ nílò nínú ẹgbẹ́.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ lọ síbi tí irú wọn wà

Àwọn abúlé kì í mú ènìyàn jáde bákan náà. Ohun tó yí abúlé ká ló ń sọ irú ẹni tó máa ń wá iṣẹ́ níbẹ̀. Níbi tí ahéré ọdẹ bá wà, ẹ ó rí ọdẹ. Níbi tí wọ́n ti ń gégi, ẹ ó rí Lumberjack, ìyẹn agégẹdú. Níbi tí kùsà wà, awakùsà. Níbi tí oko àlìkámà bá tẹ́ lọ bẹẹrẹbẹ, Farmhand, ìyẹn àgbẹ̀. Àwọn odi ńlá ti àwọn ìjòyè ni ẹ ti máa ń rí Squire (ọmọ ẹ̀yìn akọni) àti Hedge Knight (akọni tí kò lọ́gàá). Ìlú tó ní tẹ́ḿpìlì ni Monk, ìyẹn ẹni tó fi ayé rẹ̀ fún ẹ̀sìn, máa ń ti jáde. Ẹ kọ orúkọ àwọn abúlé tó wúlò fún yín sílẹ̀, kí ẹ máa gba ọ̀nà wọn padà lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, nítorí àwọn tó ń wá iṣẹ́ ń yí padà.

Fún ògiri, àwọn tí mo fọkàn tán jù nínú àwọn olówó kékeré ni Farmhand àti Lumberjack. Iṣẹ́ àṣelàágùn ti fún wọn ní ẹ̀mí àti okun tó ju ti ẹlòmíràn lọ, owó ojúmọ́ wọn sì kéré. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó lára wọn ni ọwọ́ ìjà, ìràwọ̀, ìyẹn àmì ẹ̀bùn àbínibí, sì lè tún ìyẹn ṣe, bí a ó ṣe rí i níwájú. Wildman ju wọn lọ nínú ẹ̀mí, okun àti àyà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó ti inú igbó jáde, tí kò bẹ̀rù ohunkóhun. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń lọ́ra láti kọ́ ẹ̀kọ́, ìrírí rẹ̀ dín ní 15 nínú 100. Bí ẹ bá tètè rà á, ìyẹn kò ní dà yín láàmú. Bí ọjọ́ bá ti lọ, tí àwọn yòókù ti wà ní ìpele 9, ó máa pẹ́ kó tó bá wọn.

Brawler, ìyẹn oníjà ìgboro, ń wá pẹ̀lú ọwọ́ ìjà tó sàn díẹ̀ àti ẹ̀mí. Militia, ìyẹn ọmọ ìlú tó ti ṣe ẹ̀ṣọ́ rí, ní díẹ̀ nínú ohun gbogbo, ó sì máa ń mú ohun ìjà gidi dání. Thief, ìyẹn olè, ní ìyára àti ìyẹra, ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ sá fún ọwọ́ olóòtú ọjà. Òun ni mo máa ń wò fún ipò ẹni fúyẹ́, bí ẹ̀mí rẹ̀ bá gbà. Squire wọ́n díẹ̀ ju gbogbo wọn lọ, àmọ́ ìyẹra idà àti àyà tó máa ń ní mú kó wà lára àwọn tí owó wọn kì í dun ni.

Fún tafàtafà, Hunter, ìyẹn ọdẹ, ni, kí ẹ má sì wá àbùjá. Ẹ wo ìṣirò rẹ̀: ọwọ́ ọfà ń fi 2 sí 4 kún ara rẹ̀ ní ìpele kọ̀ọ̀kan, tó túmọ̀ sí 30 láti ìpele 1 dé 11. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní 38 máa parí ní 68, ọfà rẹ̀ á sì máa tàsé ẹni tó dúró lẹ́yìn apata. Ọdẹ tó bẹ̀rẹ̀ ní 55 á parí ní 85 láìní ìràwọ̀ kankan. Owó tí ẹ fi kún un láti rí ọdẹ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàtọ̀ yẹn.

Fún àsíá, Monk. Àyà rẹ̀ ga láti ìbẹ̀rẹ̀, owó rẹ̀ sì rọrùn. Kò nílò láti mọ ìjà.

Alágbe, arọ, télọ̀, olórin: mi ò rà wọ́n fún ọjọ́ pípẹ́. Ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, nígbà tí ẹ nílò ẹni tó máa di ààyè mú lórí ìlà kí àwọn dáadáa lè mí, alágbe tó mú ọ̀kọ̀ àti apata lè gbà yín. Ẹ kàn mọ̀ pé ẹ kò rà á láti gbé e dé òpin.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ san owó ìdánwò

Bọ́tìnnì Try Out wà lójú ibi ìgbanisíṣẹ́. Owó kékeré ni, ohun tó ń fi hàn yín ni àwọn ìwà tó fara pamọ́ lára ọkùnrin náà. Kò ní fi àbùdá rẹ̀ hàn, kò sì ní fi ìràwọ̀ rẹ̀ hàn. Síbẹ̀, mo máa ń san án fún ẹnikẹ́ni tí owó rẹ̀ bá ju ti àgbẹ̀ lásán lọ. Fún olówó kékeré, ẹ lè fo ìdánwò kọjá kí ẹ kàn rà á.

Àwọn ìwà tó ń mú kí n rà ni Strong, tó ń fi 10 kún okun. Tough, tó ń fi 10 kún ẹ̀mí. Dexterous, tó ń fi 5 kún ọwọ́ ìjà. Sure Footing, tó ń fi 5 kún ìyẹra idà. Àti Iron Lungs, tó ń jẹ́ kí okun 18 padà wá ní àyípo kọ̀ọ̀kan dípò 15. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni mo fẹ́ràn jù fún ògiri. Nínú ìjà tó gba àyípo mẹ́wàá, okun 30 ló fi kún un láìná kọ́bọ̀.

Àwọn tó ń mú kí n kọjá lọ ni Asthmatic, tó jẹ́ òdìkejì Iron Lungs gan-an. Clumsy, tó ń yọ 5 nínú ọwọ́ ìjà. Fragile, tó ń yọ ẹ̀mí 10. Àti Craven, tó ń yọ àyà 10. Craven burú ju bó ṣe rí lọ, nítorí ẹni tó bá kọ́kọ́ sá ń kó ìpayà bá àwọn tó kù. Greedy ń fi owó kún owó ojúmọ́, ẹ sì ti mọ ohun tí ìyẹn ń ṣe ní ìpele 11. Dumb ń yọ ìrírí 15 nínú 100.

Àwọn kan wà láàárín. Huge ń fi 10 nínú 100 kún ìpalára tó ń ṣe, ó sì ń yọ 5 nínú ìyẹra méjèèjì. Mo máa ń gbà á fún ẹni tó máa lo àáké ńlá. Tiny jẹ́ òdìkejì: ìyẹra lé ní 5, ìpalára dín ní 15 nínú 100. Ó dára fún ẹni tó máa gbé apata dúró lásán, tàbí fún agbéàsíá.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ rà á, kí ẹ ka ìràwọ̀ rẹ̀

Ìgbà tí ẹ bá sanwó tán ni ẹ ó tó rí gbogbo rẹ̀. Bí ẹni ra bèélì òkìrìkà tí wọ́n dì pa ni: ẹ mọ ibi tó ti wá, ẹ mọ bó ṣe wúwo, àmọ́ ẹ kò mọ aṣọ inú rẹ̀ àyàfi tí ẹ bá tú u. Ìdí nìyí tó fi dára kí ẹ ra àwọn olówó kékeré mélòó kan dípò kí ẹ da gbogbo owó lé ẹnì kan lórí nígbà tí ẹgbẹ́ ṣì kéré.

Àbùdá mẹ́ta lára mẹ́jọ ló máa ń ní ìràwọ̀, ọ̀kan, méjì tàbí mẹ́ta. Ìràwọ̀ kan ló wọ́pọ̀, mẹ́ta ló ṣọ̀wọ́n. Ní ìpele kọ̀ọ̀kan, ẹ ó yan àbùdá mẹ́ta láti fi kún, ìràwọ̀ ló sì ń sọ bí ohun tí ẹ ó fi kún ṣe máa pọ̀ tó. Ẹ jẹ́ ká fi ọwọ́ ìjà ṣe àpẹẹrẹ. Láìní ìràwọ̀, 1 sí 3 ni yóò fi kún ní ìpele kan. Pẹ̀lú ìràwọ̀ kan, 2 sí 3. Pẹ̀lú méjì, 3 ni nígbà gbogbo. Pẹ̀lú mẹ́ta, 3 sí 4. Bí ẹ bá yàn án nígbà mẹ́wàá, láti ìpele 1 dé 11, àfikún náà á tó 20, 25, 30 tàbí 35. Ìyẹra idà ń tẹ̀ lé nọ́ńbà kan náà.

Ẹ wá mú Lumberjack kan tó ní ọwọ́ ìjà 56 pẹ̀lú ìràwọ̀ méjì níbẹ̀, àti ìyẹra idà 3 pẹ̀lú ìràwọ̀ kan. Ní ìpele 11, ọwọ́ ìjà rẹ̀ á jẹ́ 86, ìyẹra á jẹ́ 28 láìtíì gbé apata. Ẹ mú Sellsword, ìyẹn ajagungbowó tó ti mọ iṣẹ́, tó wá pẹ̀lú ọwọ́ ìjà 65 àti ìyẹra 8, tí kò ní ìràwọ̀ kankan sí méjèèjì. Á parí ní 85 àti 28. Ohun kan náà ni ẹ rà. Èyí èkejì wúlò láti ọjọ́ àkọ́kọ́, mi ò jiyàn ìyẹn, àmọ́ ẹ̀ ń san owó ojúmọ́ olókìkí fún iṣẹ́ tí agégẹdú ń ṣe.

Yíyàn 30 péré ni ẹ ní títí dé ìpele 11. Bí 10 bá lọ sí ọwọ́ ìjà, tí 10 lọ sí ìyẹra, 10 ló kù fún ẹ̀mí, okun àti àyà. Ibí yìí ni iṣẹ́ àtẹ̀yìnwá ti ń sanwó: Farmhand tó ti ní okun tó pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kò nílò ju yíyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ síbẹ̀, ẹ sì lè da ìyókù sí àyà. Ẹni tí ohun gbogbo lára rẹ̀ wà ní àárín á ná yíyàn rẹ̀ tán kó tó dé ibi kankan, ìràwọ̀ mẹ́ta lórí ìyára ì báà wà lára rẹ̀.

Ẹ fi sùúrù sí i. Bí ìràwọ̀ bá ń bọ́ sórí àbùdá mẹ́jọ láìṣe ojúsàájú, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́sàn-án ni yóò ní ìràwọ̀ lórí ọwọ́ ìjà àti ìyẹra idà pọ̀. Ẹ ó ra mẹ́jọ kí ẹ tó rí i. Ó lè jẹ́ ẹni àkọ́kọ́, ó lè jẹ́ ẹni kẹẹ̀ẹ́dógún.

Ìgbésẹ̀ 7: Ẹ dájọ́ kíákíá

Lójú ẹsẹ̀ tí ẹ bá rà á ni kí ẹ ṣe ìṣirò ìpele 11 yẹn. Ìlànà mi fún ẹni iwájú ni pé kí ọwọ́ ìjà rẹ̀ lè dé 80 ó kéré tán, kí ìyẹra rẹ̀ lè dé 25, kí ẹ̀mí tàbí okun rẹ̀ sì lè gba ipò tí mo ní lọ́kàn fún un. Ẹni tí ọwọ́ ìjà rẹ̀ lè dé 90 tí ìyẹra rẹ̀ sì lè dé 30, mi ò ní bi í léèrè ibi tó ti wá. Ẹni tí kò lè dé ìlànà àkọ́kọ́, ẹ bọ́ ohun ìjà rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó máa lọ kí oṣù tó lé, nítorí bó bá ti bá yín pẹ́, ọwọ́ yín ò ní lè yọ ọ́ mọ́, ẹ ó sì ti náwó oúnjẹ àti owó ojúmọ́ lé ohun tí kò ní so èso.

Ẹni tó bá kù, ẹ tọ́jú rẹ̀. Ọwọ́ ìjà 50 máa ń tàsé, torí náà ẹ fún un ní ọ̀kọ̀, tó ń fi 20 kún àǹfààní ìlù, pẹ̀lú apata. Tàbí kí ẹ fún un ní ọ̀kọ̀ gígùn tí wọ́n ń pè ní Pike kí ẹ sì fi í sí ìlà kejì, níbi tí yóò ti máa gún ọ̀tá láti ẹ̀yìn ẹgbọ́n rẹ̀. Ẹni tó ní ìràwọ̀ dáadáa tó kú ní ìpele 2 nítorí pé wọ́n gbé e síwájú akọ orc (ẹ̀dá abàmì alágbára kan nínú eré náà), ẹ̀bi ọ̀gá ni.

Ìgbésẹ̀ 8: Ìgbà tí olówó ńlá tó owó rẹ̀

Ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Hedge Knight ga lọ́wọ́ ìjà, lẹ́mìí àti lókun, ó sì ń wá pẹ̀lú ìhámọ́ra gidi lọ́rùn. Bí ẹ bá ní owó tí ẹ máa fi san án fún oṣù méjì tó ń bọ̀ láìjẹ́ pé iṣẹ́ kan wọlé, ẹ rà á. Bó bá jẹ́ pé òun ni yóò gbá àpò yín mọ́, ẹ fi í sílẹ̀. Ìdánwò ni kí ẹ kọ́kọ́ san, nítorí Hedge Knight tó jẹ́ Asthmatic jẹ́ òfò ńlá. Swordmaster, ìyẹn ọ̀gá nínú lílo idà, ní ọwọ́ ìjà àti ìyẹra tó lé téńté, àmọ́ àgbà ni, ẹ̀mí àti okun rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ẹ má ṣe gbé ìhámọ́ra tó wúwo wọ̀ ọ́. Ìgbà tí owó bá pọ̀, tí ìjà ńlá sì kù sí dẹ̀dẹ̀, ni mo máa ń rà á.

Gladiator wà ní àwọn ìlú gúúsù. Ọwọ́ ìjà àti ìyẹra rẹ̀ dára, owó ojúmọ́ rẹ̀ sì ga. Ìdí pàtàkì tó fi lè tó owó rẹ̀ ni pápá ìjà, níbi tí mẹ́ta lára ọmọ yín yóò ti wọ àmùrè ọrùn tí wọ́n ń pè ní Arena Collar, tí wọn yóò sì jà fún owó. Níbi tí mẹ́ta péré ti ń jà, kò sí ìlà kejì, kò sí ẹni tó máa gbé àsíá, nítorí náà ẹnì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ lè dá dúró. Olówó kékeré tó dára nínú ìlà méjìlá lè jẹ́ òkú nínú pápá.

Àwọn ará Róòmù fúnra wọn mọ bí ìṣirò yìí ṣe rí. Gaius, amòfin kan ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejì, kọ nípa àdéhùn kan tí wọ́n fi ń kó gladiator lé ara wọn lọ́wọ́: denarius 20 fún ẹni tó bá jáde láìfarapa, denarius 1,000 fún ẹni tó bá kú tàbí tó di aláàbọ̀ ara. Ohun tó ń yẹ̀ wò ni bóyá yíyá ni wọ́n yá àwọn ènìyàn náà tàbí títà ni wọ́n tà wọ́n. Ìyàtọ̀ náà jẹ́ ìlọ́po 50. Bí ẹ bá ń gbé ọmọ yín lọ sí pápá, nọ́ńbà yẹn ni kí ẹ fi sọ́kàn: ẹ bi ara yín bóyá owó tí ìjà òní máa mú wọlé lè ra irú ẹni yìí padà, pẹ̀lú gbogbo ìpele tó ti gùn. Ní ìpele 3, ó sábà máa ń lè rà á. Ní ìpele 10, pẹ̀lú ìràwọ̀ méjì-méjì lórí ọwọ́ ìjà àti ìyẹra, kò lè rà á, torí náà ẹ rán ẹlòmíràn lọ.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ní méjìlá tó dúró dáadáa, ẹ ṣì máa ra ènìyàn. Ẹ fi ààyè méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀ nínú ogún fún àwọn ọmọ tuntun tí ẹ ń tọ́ lọ́wọ́, olówó kékeré tó ní ìràwọ̀, kí ikú ẹnì kan má bàa mú yín sáré lọ ra Sellsword lọ́sàn-án gangan. Bí Blazing Deserts bá wà lórí ẹ̀rọ yín, ẹ gba Recruiter sínú àwọn amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ yín: ó ń dín owó ìgbanisíṣẹ́ àti owó ìdánwò kù, àwọn tó ń wá iṣẹ́ ní ìlú kọ̀ọ̀kan sì máa ń pọ̀ sí i. Ẹ tètè gbà á, ní ìgbà tí ẹ ṣì ń ra ènìyàn lọ́pọ̀, nítorí ìgbà yẹn ló máa san owó ara rẹ̀ padà.